Adúkẹ́ Kò Dáhùn Lórí Òkè

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá ọkọ mi pe ọmọ mi ọkùnrin, ẹni ọdún méje, jókòó, nítorí pé ilé ìwé wọn fẹ́ kó wọn lọ wo òkè. Ó ní, "Bí o bá gbọ́ orúkọ rẹ lọ́hùn-ún, tí o kò rí ẹni tó ń pè ọ́, má dáhùn o." Ọmọ náà mi orí. Ẹ̀wà ni mò ń ṣà lọ́wọ́. N kò lè ṣà á mọ́.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà tí àwọn òbí wa mú èmi àti àbúrò mi Adúkẹ́, ẹni ọdún mẹ́fà, gun òkè Ṣábẹ̀ẹ́. Òórùn wàrà tí ìyá wa ń dín ló jí wa ní òwúrọ̀ Sátidé yẹn. Bàbá wa, olùkọ́ tí ìjọba gbé wá láti Ṣakété, ní ká bọ́ bàtà, nítorí àpáta ibẹ̀ ń yọ̀. Nígbà tí a dókè, ó ń tọ́ka páànù ilé, ojú irin, àti oko iṣu ìhà Sakin bí ẹni tó dúró níwájú pátákó. "Ẹ wò ó dáadáa, màá bi yín nílé." Bó ṣe máa ń sọ nípa ohun gbogbo nìyẹn.

Adúkẹ́ kò wo nǹkan kan. Ó ti rí i pé bí òun bá fi ariwo pe orúkọ òun, àpáta òdìkejì yóò pè é padà. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ pe tiyín náà." Ó sú mi. Mo sọ sí i létí pé, "O rò pé eré ni? Iwin òkè ló ń kọ́ orúkọ rẹ. Tó bá mọ̀ ọ́n tán, ohùn Bàbá ni yóò fi pè ọ́. Tí o bá dáhùn, ó gbé ọ lọ nìyẹn." Kò pe orúkọ ara rẹ̀ mọ́. Inú mi dùn.

Lẹ́yìn oúnjẹ, a kò rí i mọ́. Bàbá pè é, Ìyá pè é, àpáta sì ń dá orúkọ náà padà. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta àtààbọ̀, obìnrin kan tó ń ṣẹ́gi rí i nínú pàlàpálá àpáta, kò tó ọgbọ̀n ìgbésẹ̀ sí ibi tí a ti jẹun. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti há, ó ti kán, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di etí.

"Kí ló dé tí o kò dáhùn?" Bàbá bi í. Èmi ló ń wò. Bàbá ní, "Olóríkunkun." Ohun tí Bàbá ń pè é nìyẹn títí Bàbá fi kú. Ẹsẹ̀ náà jinná ní wíwọ́. Ó ń tiro títí dòní.

Lánàá ni mo tó fi fóònù pe Adúkẹ́ ní Parakou láti tọrọ àforíjì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo gbọ́ ohùn Bàbá dáadáa. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù."

Ní báyìí, bí ilé ìwé bá fẹ́ kó wọn lọ síbì kan, mo máa ń bi olùkọ́ ọmọ mi pé àgbà mélòó ló ń tẹ̀ lé wọn, àti aago mélòó ni wọn yóò dé. Lọ́jọ́ tí Adúkẹ́ sọnù, láti ìgbà ìpè kejì ni mo ti mọ ìdí tí kò fi dáhùn. Mo bẹ̀rù ẹgba, mo pa ẹnu mọ́.

Ẹ̀yin òbí, mo bẹ̀ yín, ẹ sọ fún ọmọ yín kó tó lọ sórí òkè: bó bá gbọ́ orúkọ rẹ̀, kó dáhùn.