Kọ́kọ́rọ́ Wà Lórí Káńtà

Ẹ má wulẹ̀ rò pé aláàánú ni Beulah Ìbíkúnlé o. Sájẹ́ǹtì ọlọ́pàá ni, òun ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ sẹ́ẹ̀lì ní àgọ́ kan ní Mushin. Ó ti ti ilẹ̀kùn mọ́ olè, ó ti tì í mọ́ gbájúẹ̀, títí kan ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jí fóònù. Ẹ̀gbọ́n náà kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí dòní, Beulah kò sì bẹ̀ ẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ kan, wọ́n mú obìnrin àgbà kan wọlé. Sìmíátù ló ń jẹ́, ẹja ló ń yan ní Makoko, èéfín ṣì ń rùn lára ìró rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ni wọ́n ń wá nítorí ọ̀kadà tó sọnù. Wọn ò rí ọmọ, wọ́n bá gbé ìyá.

"Tì í mọ́lé," ni Abọ́dúndé, ọ̀gá wọn, wí. "Tí ọmọ ẹ̀ bá gbọ́, á yọjú fúnra ẹ̀."

Beulah kọjú sí obìnrin náà. "Màmá, kí lẹ ṣe?"

"Mi ò ṣe nǹkan kan, ọmọ mi. Ẹja mi ṣì wà lórí iná."

"Ọ̀gá, mi ò ní tì í, sà. Tí ọmọ tiyín bá ṣẹ̀, ṣé ẹ̀yin la máa wá gbé?"

Abọ́dúndé rán an létí pé òun lòun máa buwọ́ lu ìgbéga rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dun Beulah wọra. Ó ti ń retí ìgbéga yìí láti ìgbà tí àbígbẹ̀yìn rẹ̀ wà ní pírámárì, ọmọ ọ̀hún sì ti wọ yunifásítì báyìí. Ó mọ̀ pé ọkùnrin yìí kì í halẹ̀ lásán. Inú bí i gidigidi.

Ló bá yọ kọ́kọ́rọ́, ó gbé e ka orí káńtà lójú gbogbo èèyàn.

"Òun rèé, sà. Ẹ fọwọ́ ara yín tì í, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ yín sílẹ̀ pé ẹ̀yin lẹ tì í."

Abọ́dúndé wo kọ́kọ́rọ́, ó wo àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n ń wò ó. Kò fọwọ́ kàn án. Beulah sin Sìmíátù dé ẹnu géètì, ó bá a pe kẹ̀kẹ́.

Ìgbéga kò dé. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kó lọ máa darí ọkọ̀ ní Ọ̀yìngbò nínú oòrùn. Ó ń lọ. Tó bá sì ti rí mọ́tò Abọ́dúndé lókèèrè, á nawọ́ dá a dúró, á jẹ́ kí gbogbo ìyá tó fẹ́ sọdá sọdá tán.