Ọjọ́ Tí Òjò Pa Ìwé Atúmọ̀ Èdè Khasi

Ọjọ́ tí ìjì ṣí páànù ilé wa ní Ẹdẹ kò ní kúrò lọ́kàn mi láéláé. Yàrá Àǹtí Dari, ayálégbé wa tó wá láti Íńdíà wá kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì, ni òjò rọ̀ sí jù. Nígbà tí òjò dá, mo bá wọn nílẹ̀ tí wọ́n ń sunkún, tí wọ́n gbá ìwé kan tó rin gbingbin mọ́yà. Ìwé atúmọ̀ èdè Khasi, èdè bàbá wọn, ni. Ìyá wọn tó ti kú ti fọwọ́ kọ ọ̀rọ̀ èdè tirẹ̀, Pnar, tó bá Khasi tan, sétí gbogbo ojú ìwé náà.

Mo já ìwé gbà, mo sáré gbé e sóòrùn. Bàbá àgbà wa tó jẹ́ àáfà pariwo: "Gbé e kúrò níbẹ̀! Ṣé láfún lò ń sá ni? Bí omi bá kan Kùránì mi, atẹ́gùn ni mo máa ń fẹ́ sí i."

Bàbá jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀, wọ́n ń fi bébà gbígbẹ sáàárín ewé ìwé náà títí di ìrọ̀lẹ́. Àǹtí ṣí i wò. Tádàwá ìyá wọn ti ṣàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣeé kà!

Àǹtí kúnlẹ̀. "Khublei," ni wọ́n fi Khasi wí.

"Àmín," ni Bàbá dáhùn.

Ẹnu ya Àǹtí. Wọ́n fi èèbó bi mí pé, ta ló sọ fún Bàbá pé "kí Ọlọ́run bù kún un yín" ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà?

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ta ló ń dúpẹ́ báyẹn tí kò ní pe Ọlọ́run?"

A ti kan páànù tuntun, mo sì dúpẹ́. Síbẹ̀, bí òjò bá ti ṣú, Bàbá ló ń kọ́kọ́ kígbe: "Dari, ìwé ìyá rẹ dà?"