Bùọ̀dá Tíṣà Kì í Dá sí Ogun

Bí ìjà bá ti bẹ̀rẹ̀ nínú ẹbí wa, ariwo rédíò lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́. Bùọ̀dá Tíṣà ti yí i sókè nìyẹn. Àbúrò bàbá mi ni, ó sì kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní ìtàn ní Yábàá títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ogun àwọn òyìnbó tó ń lọ lọ́wọ́ yìí ló máa ń ṣàlàyé fún wa, tí oúnjẹ màmá mi bá ti wà níwájú ẹ̀. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí orílẹ̀-èdè kékeré tó wà láàárín wọn kò fi dá sí i. Ó rẹ́rìn-ín.

"Wọ́n ń tajà fún apá méjèèjì. Ta ló ń yìnbọn fún oníbàárà ẹ̀?"

Nígbà tí bàbá mi kú, ẹ̀gbọ́n wọn kó ẹrù wa síta nílé wa ní Sùúrùlérè, ó ní ilé ẹbí ni. Màmá mi kúnlẹ̀ níwájú Bùọ̀dá Tíṣà.

"Ẹ̀yin lẹ sin ọkọ mi lọ ra ilẹ̀ yìí. Gbogbo ẹ̀ ló ṣojú yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀rọ̀."

"Ìyàwó wa, ogun àwọn àgbà nìyí. Orílẹ̀-èdè kékeré lèmi."

"Èmi wá ni orílẹ̀-èdè ńlá, àbí?"

Ó nawọ́ sí rédíò, ó yí i sókè.

Lóṣù tó kọjá, mo gba àdúgbò yẹn kọjá. Òun ni mo rí ní bákónì wa, rédíò létí. Yàrá bàbá mi ni wọ́n fún un. Ó juwọ́ sí mi, ó ní ogun yẹn ò mà tíì parí o.

Mo ní, "Ẹ̀yin kúkú ti ta ọjà tiyín, sà."