Ẹni Tí Kò Tíì Ṣe Àmín

Ẹni tó bá fẹ́ kó rẹ́rìn-ín. Mo ti sọ ọ́ fún pásítọ̀ mi, òun náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó ní kí n tún un sọ. Ilé ìwé ìjọ ni mo ti kọ́ bí a ti ń kàwé, wọ́n sì kọ́ wa níbẹ̀ pé kí bẹ́ẹ̀ ni wa jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ. Ọ̀sán gangan ni, kì í ṣe òru. Ara mi le, mi ò sì mu ohunkóhun ju omi lọ.

Ìgbà tí wọ́n ti bọ́dà pa ni. Kó tó dìgbà náà, ìrẹsì ni mo máa ń bá wọn kó ní Ìdí-Ìrókò. Nígbà tí ọ̀nà dí, ìkòkò wa dákẹ́. Ìyàwó mi ń wò mí, àwọn ọmọ ń wo ìyàwó mi. Pásítọ̀ ló mú mi lọ bá Ọ̀gá Lámídì, púlọ́ńbà kan ní Ayétòrò, pé kó kọ́ mi níṣẹ́. Ẹni ogójì ọdún, tó ń ru páìpù tẹ̀ lé ọ̀gá kiri! Ọ̀rẹ́ mi Rájì, tí a jọ ń kó ìrẹsì, ní òun náà á kọ́ ọ. Ọ̀sẹ̀ kan náà la bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, iṣẹ́ sùúrù niṣẹ́ omi. Tí a bá fẹ́ so páìpù méjì pọ̀, a ó nù wọ́n gbẹ, a ó fi gọ́ọ̀mù sí wọn lẹ́nu, a ó ti ọ̀kan bọ inú èkejì, a ó yí i díẹ̀, a ó wá dì í mú. Ibi dídì mú yìí gan-an ni ẹ̀kọ́ wà. Tí o bá yára tú ọwọ́, páìpù á rọra sún sẹ́yìn, o ò sì ní mọ̀, àfi lọ́jọ́ tí omi bá dé.

Ọ̀gá Lámídì kì í lo aago. "Fátíà ni kí ẹ kà," ló sọ fún wa. "Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mẹta, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ má tú ọwọ́ kí ẹ tó ṣe Àmín tó gbẹ̀yìn."

Mo ní, "Ọ̀gá, ọmọ ìjọ lèmi o."

"Ka tìrẹ. Gọ́ọ̀mù ò mọ ṣọ́ọ̀ṣì, kò mọ mọ́ṣáláṣí. Àmín ló mọ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni Rájì ṣe ń ka Fátíà, tí èmi ń ka Àdúrà Olúwa. Imú ni Rájì fi ń kà á, bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe. A máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí omijé á fi bọ́ lójú wa.

Kò pé oṣù kan tó fi sá lọ. Ó ní òun ò lè máa bá páìpù gbàdúrà. Ó padà sídìí ìrẹsì, ó ń gba ọ̀nà inú igbó lápá Tube, abúlé kan létí bọ́dà. Èmi dúró, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ò dúró. Gbogbo ibi tí mo bá so ló ń jò.

"Eré tí o ti ń sá fún àwọn aṣọ́bodè ló wà lọ́wọ́ rẹ," ni ọ̀gá mi wí. "Páìpù ò lé ẹnikẹ́ni, bàbá."

Lọ́jọ́ kan ó rán mi lọ sí Ọjà-Ọ̀dàn. Ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan wà níbẹ̀ tí ìjọ kan kọ́. Ògiri yàrá ìgbẹ̀bí ń sunkún. Tí wọ́n bá ti ṣí omi báyìí, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á rin gbingbin. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọ̀gá fúnra rẹ̀ ti tún un ṣe, kò gbọ́.

"Ìwọ nìkan ni kí o lọ," ó wí. "Tó bá gbẹ, màá ṣe fírídọ̀mù fún ọ. Tí kò bá gbẹ, màá lọ bá pásítọ̀ rẹ, màá sọ fún un pé ọwọ́ rẹ ò gba iṣẹ́ yìí." Kò sọ ẹni tó kọ́kọ́ de páìpù náà fún mi. Èmi náà ò béèrè.

Ọyẹ́ mú lọ́jọ́ náà. Eruku bo gbogbo ìlú, oòrùn wá funfun lókè bí òṣùpá. Màmá Nọ́ọ̀sì, ìyá tó ń ṣàkóso ibẹ̀, ló ṣílẹ̀kùn fún mi.

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa ṣe é o. Aboyún méjì ti wọ oṣù wọn. Ṣé kànga ni kí n sáré lọ nígbà tí orí ọmọ bá ti yọ?"

Ó jáde lọ wo aláìsàn kan. Ó wá ku èmi àti ògiri. Ilé dákẹ́, ẹyẹ ò ké, ọ̀kadà ò kọjá. Ọkàn mi rọ̀, bí ìgbà téèyàn ń tòògbé nínú ìwàásù. Mo gbé etí lé ògiri kí n lè gbọ́ ibi tí omi ti ń kán.

Ẹ gbà mí gbọ́. Ohùn ni mo gbọ́. Ẹnì kan ń ka Àdúrà Olúwa níbẹ̀, jẹ́jẹ́jẹ́. Ó kà á débi tó kù kó ṣe Àmín, ó dákẹ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀.

Mo yíjú. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan lóṣòó ní igun yàrá, ó wọ ṣòkòtò iṣẹ́ búlúù, sìmẹ́ǹtì wà nírun rẹ̀. Ó kó ọwọ́ méjèèjì pọ̀ bí ẹni di nǹkan mú, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ̀rù ò bà mí. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù dòní. Mo rò pé ọ̀gá ló rán an wá ràn mí lọ́wọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n," ó sọ wúyẹ́wúyẹ́. Eyín iwájú rẹ̀ kan ti kán.

"O ṣeun, àbúrò. Ta ló rán ọ wá?"

"Ọ̀gá ló fi mí síbí." Ó fi ojú júwe òkè ògiri, ibi tó gbẹ táútáú. "Ẹ má gbẹ́ ìsàlẹ̀ mọ́. Omi máa ń rìn nínú ògiri kó tó jáde. Òkè ibẹ̀ yẹn ló ti ń jò."

Mo gbé òòlù, mo gbẹ́ ibi tó fi hàn mí. Páìpù yọ, níbi tó ti yà sí apá ọ̀tún. Ó ti sún sẹ́yìn díẹ̀. Àmì ìka ènìyàn ṣì wà lára gọ́ọ̀mù tó gbẹ sí i, ìka tó fà lọ, bí ẹni tó tú ọwọ́ láìrò tẹ́lẹ̀.

Mo ti omi pa. Mo gé ibẹ̀ kúrò, mo nu páìpù tuntun gbẹ, mo fi gọ́ọ̀mù sí i, mo tì í wọlé, mo yí i. Mo bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Àfi bí fóònù mi ṣe dún lápò àyà. Mo fi ọwọ́ kan gbé e.

Rájì ni. "Bọ̀ọ̀dá, ọ̀nà ti là! Ẹrù wà nílẹ̀. Ìyàwó yín ní Ọjà-Ọ̀dàn lẹ wà, ọ̀kadà ń dúró dè yín ní oríta níbẹ̀ yẹn. Ẹ fi páìpù sílẹ̀, kò ní sá lọ!"

Mi ò ní purọ́ fún yín, ara mi ti dìde. Mo ro ìkòkò ilé mi. Mo ro bí ọwọ́ mi ṣe ń ba iṣẹ́ jẹ́. Ìka mi ti ń tú lára páìpù.

"Ẹ̀gbọ́n," ni ẹni tó wà ní igun wí. "Wọ́n pe èmi náà bẹ́ẹ̀." Ó na ọwọ́ rẹ̀ sí mi, omi ń kán níbẹ̀, ilẹ̀ ò sì tutù. "Ẹ parí rẹ̀. Mi ò tíì ṣe Àmín."

Mo sọ fóònù sílẹ̀. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di páìpù mú, mo ka àdúrà náà lẹ́ẹ̀mẹta, òun náà ń bá mi kà á. Mi ò kà á pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Nígbà tí mo ṣe Àmín ìkẹyìn, ó la ẹnu. Ohùn ò jáde. Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó wò mí, ojú rẹ̀ kún fún ọpẹ́ àti ìbànújẹ́ pọ̀. Mo ṣẹ́jú. Igun náà ṣófo.

Ọ̀gá dé lọ́jọ́ kejì, ó ṣí omi. Ògiri gbẹ. Ó ní, "Ta ló fi òkè hàn ọ́?" Mo sọ ohun tí mo rí fún un. Ó jókòó lórí àpò sìmẹ́ǹtì.

"Eyín iwájú ńkọ́?"

"Ọ̀kan kán, ọ̀gá."

"Sáímọ̀nù." Ó ṣí fìlà rẹ̀. "Ọmọ iṣẹ́ mi ni. Òun ló de páìpù yìí, lọ́sẹ̀ tí wọ́n ti bọ́dà pa. Wọ́n pè é pé kó wá bá wọn kó ẹrù, ó tú ọwọ́, ó ní òun ń bọ̀. Birikìlà rò pé ó ti parí ni, ló bá rẹ́ ògiri bò ó. Inú odò ni a ti gbé òkú rẹ̀, òun àti ọkọ̀ tó gbé wọn."

Ọlọ́run ṣe é, mo gba fírídọ̀mù mi. Púlọ́ńbà ni mí lónìí, àwọn ọmọ mi ń lọ ilé ìwé, ọpẹ́ ni fún Olúwa. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni wọ́n ti bí nínú yàrá yẹn, omi ibẹ̀ ni wọ́n sì fi wẹ̀ wọ́n.

Ṣùgbọ́n Rájì, láti ọ̀sán ọjọ́ yẹn, fóònù rẹ̀ ò lọ mọ́. Àwọn kan ní wọ́n rí i ní Pọ̀tọ̀-Nófò, lódìkejì bọ́dà. Ìyá rẹ̀ ṣì ń bu oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́, mo bẹ̀ yín. Ohun tí ẹ bá ti dì mú, ẹ má tú ọwọ́ níbẹ̀ kí ẹ tó ṣe Àmín, ẹni yòówù kó máa pè yín. Tí ẹ bá sì dé ilé ìgbẹ̀bí yẹn nígbà ọyẹ́, tí ẹ gbọ́ àdúrà nínú ògiri, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bá a ṣe Àmín. Mi ò mọ ohun tó lè tẹ̀ lé e.

Màmá Nọ́ọ̀sì pè mí lọ́yẹ́ tó kọjá. Ó ní ògiri kò jò, kí n má fòyà. Ó kàn fẹ́ kí n wá gbọ́ nǹkan kan. Mo lọ, mo gbé etí lé e.

Wọ́n ti di méjì. Ìkejì ń ka Fátíà, imú ló sì fi ń kà á.