Ọjọ́ Tí A Yí Ilé Bọ́ọ̀lù Ká

Kò sí ọmọ Yorùbá ní Houston nígbà náà tó mọ inú ilé bọ́ọ̀lù yẹn bí èmi. Ìwé kẹfà ni mo kà mọ, ṣùgbọ́n èmi ni mo ń tan iná ìlú. Wọ́n gbé bọ́ọ̀dù ńlá kan tó ń fi iye ayò hàn kọ́ sókè níbẹ̀, ó gùn ju àdúgbò tí wọ́n bí mi sí lọ, gílóòbù sì tò sí i bí ọmọ àgbàdo ṣe ń tò sára ṣúkù. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo máa ń gbà, lórí irin tóóró, nínú ooru bíi ti ààrò, tí màá yọ gílóòbù tó kú, tí màá fi alààyè rọ́pò rẹ̀. Tí inú èrò bá dùn, màlúù oníná á yọ lára bọ́ọ̀dù, èéfín á máa jáde nímú rẹ̀. Èmi ni mo ni màlúù yẹn.

Ẹgbẹ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́nu ṣóńṣó, èyí tí wọ́n ń gbé lọ́wọ́ sá, ti lókìkí kí n tó dé. Wọ́n ní ọkùnrin kan tó ń sáré bí ọkọ̀ tí búréèkì rẹ̀ já, ó sì ku díẹ̀ kí wọ́n gba ife tó ga jù. Wọ́n lé kóòṣì, wọ́n ta sárésáré, ìyà wá dé, gbogbo ẹgbẹ́ ló ń nà wọ́n. Mo rí i láti ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù: àgbàlagbà tó sanwó wọlé á fi àpò bébà bo orí, á lu ihò ojú sí i, kí ará ilé rẹ̀ má baà dá a mọ̀. Ìlú tó bá ń tijú ohun tó fẹ́ràn, nǹkan ń bọ̀ níbẹ̀.

Nǹkan náà dé. Owó epo já wálẹ̀. Ní Gulfton, àwọn apátímẹ́ǹtì tí wọ́n ń dù tẹ́lẹ̀ ṣófo, ilẹ̀kùn á máa gbá fúnra rẹ̀. Ní Sharpstown tí à ń gbé, aládùúgbò wa jí lọ́jọ́ kan, ó fi kọ́kọ́rọ́ sẹ́nu ọ̀nà, ó bá tirẹ̀ lọ, tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ ṣì ń sọ̀rọ̀ nínú ilé.

Lẹ́yìn náà ni ọlówó tó ni ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ní òun máa kó wọn lọ sí ìlú mìíràn, àfi tí wọ́n bá fi àga kún ilé náà. Kò sẹ́ni tó béèrè ibi tí wọ́n máa to àga ọ̀hún sí. Èmi gan-an ò béèrè. Ọ̀gá mi, òyìnbó kan tí kì í pariwo, pè mí.

“Tí wọ́n bá lọ, mi ò ní lè gba gbogbo yín síṣẹ́ mọ́. Ìwọ lo dé kẹ́yìn.”

Oyún ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró ni. Káàdì ilé ìwòsàn tí iṣẹ́ yẹn fún mi la gbójú lé. Láìsí i, ẹ má bi mí ohun tí ìbímọ ń jẹ lápò ènìyàn ní Amẹ́ríkà.

Ní ìjọ Aládùúrà wa ní Third Ward, mo dìde lọ́jọ́ ìsinmi, mo ní, “Ọ̀rọ̀ Jẹ́ríkò ni. A ó yí ilé bọ́ọ̀lù yẹn ká lẹ́ẹ̀meje, wọn ò ní lè lọ.” Àmín dún. Màmá Ìjọ nìkan, obìnrin tó dàgbà jù láàárín wa, ni kò ṣe àmín.

“Ọmọ mi, odi Jẹ́ríkò tí wọ́n yí ká, kí ló gbẹ̀yìn rẹ̀?”

“Ó wó, Màmá.”

“Ó wó. Ìwọ wá fẹ́ yí ilé tí o ti ń jẹun ká.”

“Màmá, ọkàn ọlówó yẹn la fẹ́ wó. Ẹ̀yin náà, ẹ̀rù ti ń bà yín jù.” Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín.

Màmá ò rẹ́rìn-ín. “Iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ rán Ọlọ́run yìí, ṣé ẹ júwe ilé dáadáa?”

A lọ láàárọ̀ Sátidé. Sùtánà funfun, ẹsẹ̀ lásán lórí ọ̀dà. Oòrùn Houston ò mọ oṣù; àtẹ́lẹsẹ̀ àwọn kan bó. Ìyàwó mi jókòó sínú mọ́tò, ó ní ẹni tó lóyún kì í jó lórí iná. Sẹkúríìtì kan wakọ̀ dé ọ̀dọ̀ wa.

“Ṣé àwọn olórin ni yín?”

“Àdúrà ni. Kí bọ́ọ̀lù wa má baà lọ.”

Ó ṣí fìlà. “Ẹ bá mi fi eré wọn kún un. Wọn ò mọ̀ ọ́n gbá.”

Ní ìyípo ìkeje, a hó. Ohùn wa lọ bá ògiri, ó pẹ́ díẹ̀, ó tó padà, bí ẹni pé àwọn mìíràn wà nínú ilé náà tí wọ́n ń dá wa lóhùn. Kò sẹ́ni tó ṣàmín sí ìyẹn. A wọ bàtà wa.

Ẹgbẹ́ náà ò lọ. Nígbà tí ìròyìn jáde, wọ́n jó yí mi ká ní ìjọ, wọ́n sọ mí ní Brọ́dà Jẹ́ríkò, mo sì gbà á, torí ó tọ́ sí mi.

Ọ̀gá mi pè mí nígbà tí inú ìyàwó mi ti yọ bọ̀ǹbọ̀. Ojú bàtà rẹ̀ ló ń wò. Ó ní wọ́n ti fọwọ́ sí àga náà. Ibi tí bọ́ọ̀dù wà ni wọ́n máa tò ó sí. “Bẹ̀rẹ̀ sí í tú gílóòbù. Tó bá tán, iṣẹ́ tán.”

Mo délé, mo sọ fún ìyàwó mi. Ó gbé ọwọ́ lé inú.

“Káàdì ńkọ́?”

“Tí gílóòbù bá tán.”

“Ọmọ yìí ò tíì ṣetán o.”

“Gílóòbù náà ò tíì tán.”

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tú u bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì nìyẹn. Mo ń nu ọ̀kọ̀ọ̀kan kí n tó gbé e sílẹ̀. Àwọn tí wọ́n máa gé irin ti kó gáàsì wọn wá sísàlẹ̀, wọ́n jókòó, wọ́n ń wò mí. Ojoojúmọ́ ni òkùnkùn ń gùn sí i lẹ́yìn mi lórí irin náà, màlúù kò ní ojú mọ́, kò ní imú mọ́. Ọ̀gá gòkè wá bá mi.

“O ti ń pẹ́ jù.”

“Ó ń gbóná ni, ọ̀gá. Tí mo bá sáré, á fọ́.”

Ó wo gílóòbù, ó wò mí. Ó sọ̀kalẹ̀.

Ìlà kan péré ló kù nígbà tí wọ́n fóònù pé ìyàwó mi ti wà ní ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì gba káàdì náà lọ́wọ́ mi, ó wò ó, ó ní ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Obìnrin la bí. Lọ́jọ́ kejì mo padà lọ tú èyí tó kù, mo sì fọwọ́ ara mi gbé e fún ọ̀gá. Ẹni tó bá rò pé òun lè tú gílóòbù pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, láìfọ́ ọ̀kan, kó bọ́ síta.