Òtẹ́ẹ̀lì Tó Ń San Ìṣákọ́lẹ̀

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé kọ́ńpìnnì Èkó ló ni òtẹ́ẹ̀lì Àpáta Olómi, ẹ bi í léèrè pé ta ló fún kọ́ńpìnnì nílẹ̀. Bó bá lójútì, á dákẹ́. Ilé lè jẹ́ ti kọ́ńpìnnì, èmi ò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ilé náà jókòó lé kò kúrò lọ́wọ́ àwọn tó ni ín, obìnrin kan tí kò mọ̀wé kà ni kò jẹ́ kó kúrò. Àwáwù lorúkọ rẹ̀, ìyá Gbádébọ̀, ọmọ àgbẹ̀ oníṣu lẹ́bàá odò Ọ̀fíkì.

Àwáwù kì í ṣe ẹni tí èèyàn ń wò lẹ́ẹ̀mejì. Ó kúrú, ó dúdú, ó sì máa ń wé gèlè bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, ó padà sí ilé baba rẹ̀, ó ń dá oko iṣu lórí ilẹ̀ tí baba wọn fi sílẹ̀ fún wọn. Ilẹ̀ náà lọ jàǹtìrẹrẹ. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ àpáta ńlá kan tí omi inú ihò rẹ̀ kì í gbẹ, ó gba abẹ́ àwọn igi emi tí a ń fi èso wọn ṣe òrí kọjá, ó sì lọ títí dé etí odò. Ìbéèrè nìkan ni àìsàn tó ń ṣe Àwáwù. Bí ẹ bá ní kó dákẹ́, á dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà á bi yín pé kí ló dé tí ẹ fi ní kóun dákẹ́.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí tó yè. Lọ́dún 1974, Gbádébọ̀ di ẹrù rẹ̀, ó ní Àbíjàn lòun ń lọ, òun á padà lọ́dún tó ń bọ̀. Ọdún tó ń bọ̀ yẹn di ọdún méje. Kì í ṣe òun nìkan ló lọ. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó lọ tán, ìlú wá ku àwọn arúgbó àti àwọn ọmọdé. Bí iṣu bá ta, kò sẹ́ni tí yóò rù ú; bí wọ́n bá rí ẹni rù ú, ojú ọ̀nà burú débi pé owó ọkọ̀ ló ń jẹ èrè rẹ̀ tán. Àìmọye iṣu ló ń jẹrà sóko. Àwáwù kì í tijú sọ ọ́ pé òun ò fẹ́ nǹkan kan mọ́ láyé ju kí ọmọ òun padà wálé nígbà tí ojú òun ṣì ń ríran.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1981 ni ọkọ̀ funfun kan wọ ìlú, tí Ọ̀gbẹ́ni Ọlágòkè tó jẹ́ aṣojú kọ́ńpìnnì sọ̀ kalẹ̀, tòun ti àwòrán ilẹ̀ tó ká bí ẹní. Wọ́n pe gbogbo ìlú jọ sí ilé ìwé. Ọkùnrin náà mọ ọ̀rọ̀ sọ, ẹ jẹ́ ká fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀.

“Òtẹ́ẹ̀lì oníyàrá igba la fẹ́ kọ́ sẹ́sẹ̀ àpáta yìí,” ló wí. “Kasínò á wà nínú rẹ̀, ìyẹn gbọ̀ngàn tí àwọn olówó ti ń ta tẹ́tẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ já yín láyà. Ẹni tó bá wá ta tẹ́tẹ́ á sùn, á jẹun, á wẹ̀, á sì ra aṣọ òkè Ìṣẹ́yìn lọ fún ìyàwó rẹ̀ kó lè bẹ̀ ẹ́. Ta ni yóò se oúnjẹ? Ta ni yóò fọ aṣọ ibùsùn? Iṣu ta ni wọ́n á gún? Tiyín ni. Irinwó èèyàn ni yóò ríṣẹ́ ṣe. Ọkọ̀ olówó kì í sì í gba ojú ọ̀nà oníkòtò, nítorí náà a óò da ọ̀dà sí ọ̀nà yín, iná á sì tẹ̀ lé e.”

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Nígbà tí àtẹ́wọ́ rọlẹ̀, Áfáà Ràsáàkì, lèmọ́ọ̀mù wa, dìde dúró.

“Ọ̀rọ̀ yín dùn, ọmọ mi, ṣùgbọ́n kò sí bí a ṣe máa se ebòlò tí kò ní í run ìgbẹ́. Hàráámù ni tẹ́tẹ́. Ọmọ wa tó bá rí owó ọdún kan gbà nídìí tẹ́tẹ́ lálẹ́ àná, ṣé á tún gbé ọkọ́ láàárọ̀ yìí?”

Àwọn ọwọ́ tó pàtẹ́wọ́ fún Ọlágòkè náà ló tún pàtẹ́wọ́ fún Áfáà. Ìlú wa kì í fẹ́ kínú bí àlejò, kì í sì í fẹ́ kínú bí Áfáà. Ibẹ̀ ni Àwáwù ti nawọ́ sókè.

“Ọ̀gá, owó ta ni kasínò yín fẹ́ máa jẹ?”

“Owó àwọn ará Èkó ni, màmá. Ti Ìbàdàn, ti Kùtọnú.”

“Kì í ṣe tiwa?”

Ọlágòkè rẹ́rìn-ín. “Ẹ má bínú o, màmá. Kí ló wà lọ́wọ́ yín tá a fẹ́ jẹ?”

“Òótọ́ lẹ sọ, kò dùn mí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà náà pé ọmọ ìlú yìí kankan kò gbọdọ̀ wọ gbọ̀ngàn yẹn. Bó bá jẹ́ àwa la ń bára wa ta á, owó kan náà ni yóò máa ti àpò Ràmọ́nì bọ́ sí àpò Ìyápọ̀, ìlú ò ní fi kọ́bọ̀ kan lówó sí i. Owó ẹni tó tòkèèrè wá là ń fẹ́. Kó wá, kó ná an, kó sì máa lọ sílé rẹ̀ láyọ̀.”

Áfáà wò ó títí. Kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó jókòó.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà sì ju èje lọ. Ilẹ̀ ìdílé Àwáwù ni kọ́ńpìnnì fẹ́, gbogbo rẹ̀, láti àpáta dé odò, títà pátápátá. Owó tí wọ́n pè tó kí Ládòkun, ẹ̀gbọ́n Àwáwù tó jẹ́ olórí ẹbí, lọ sí Mẹ́kà lẹ́ẹ̀mejì kó sì tún páànù gbogbo agbo ilé ṣe. Ládòkun ti gbà lọ́kàn rẹ̀. Nígbà tí ẹbí péjọ, Àwáwù kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, mo fẹ́ òtẹ́ẹ̀lì yìí jù yín lọ. Òun ló lè dá ọmọ mi padà fún mi. Ṣùgbọ́n ìgbà wo la bẹ̀rẹ̀ sí í ta ilẹ̀ fún àlejò? Nígbà tí àwọn Ìbàrìbá wá dá oko lọ́dọ̀ bàbá wa, ṣé bàbá tà á fún wọn? Ìṣákọ́lẹ̀ ni wọ́n ń mú wá. Ẹ̀yin náà kà á lójú mi: iṣu, lọ́dọọdún, kí wọ́n má baà gbàgbé ẹni tó nilẹ̀.”

“Kọ́ńpìnnì ni yóò máa ru iṣu wá fún mi?” Ládòkun rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi bọ́.

“Ẹnu tó bá lè jẹ iyán, ọwọ́ rẹ̀ lè san iṣu. Àti pé ibi tí ọwọ́ àlejò bá ká nìkan là ń fún un. Ibi tí kò bá ro, tiwa ni.”

Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí ó fi dé ọ̀dọ̀ Áfáà Ràsáàkì. Ọjọ́ mẹ́ta ni Áfáà fi rò ó, kó tó sọ pé òun ò ní fọwọ́ kan owó tẹ́tẹ́, ṣùgbọ́n iṣu tí àgbẹ̀ bá fi òógùn rẹ̀ gbìn sórí ilẹ̀ yẹn gan-an, òun á jẹ ńbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ló tẹ̀ síhà Àwáwù, ni Ládòkun bá gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú rẹ̀ korò.

Ọlágòkè ni kò gbà. “Igba iṣu lọ́dún? Màmá, ẹ fẹ́ kí wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ l'Ékòó. Títà ni, tàbí ká lọ síbòmíràn.” Ó ká àwòrán rẹ̀, ó wọ ọkọ̀. Kò pẹ́ tá a gbọ́ pé wọ́n ti rí ilẹ̀ rà ní ìlú kan tí kò jìnnà sí wa.

Ẹ ò rí ojú tí ìlú fi wo Àwáwù! Fàtímọ̀ aládùúgbò rẹ̀, tí ọmọ tirẹ̀ náà wà l'Ábíjàn, kò kí i mọ́. Nídìí kànga ló ti sọ ọ́ sí i létí pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àwáwù pọn omi rẹ̀ tán. Ó lọ sí oko, ó jókòó sáàárín ebè, ó sunkún. Ó ń dùn ún wọra. Ó rò pé òun ti fi ẹnu ara òun ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ òun síta, nítorí ilẹ̀ tí kò lẹ́sẹ̀ tó lè fi sá lọ.

Síbẹ̀, ẹni tó ní iṣu gbọ́dọ̀ tà á. Nígbà tí ọyẹ́ mú, lóṣù kìíní ọdún 1982, ó gbé iṣu wọ lọ́rì, ó kó o lọ fún àwọn òṣìṣẹ́ kọ́ńpìnnì ní ibi tuntun náà. Ó bá wọn níbi tí ọgbọ̀n ọkùnrin ti ń du korobá omi kan. Kànga méjì ni wọ́n ti gbẹ́, eruku ló wà nísàlẹ̀ méjèèjì. Ọkọ̀ ló ń bá wọn gbé omi wá láti Ìṣẹ́yìn, ó sì ti di ọjọ́ mẹ́ta tí kò dé. Ọlágòkè fúnra rẹ̀ funfun bí ẹni tó bọ́ sínú àgbá èlùbọ́.

Àwáwù ta iṣu rẹ̀ tán kó tó lọ bá a.

“Ọmọ mi, gbogbo olówó tí yóò sùn ní yàrá igba yẹn, omi wo ni wọ́n á fi wẹ̀?”

Ọlágòkè mí kanlẹ̀. “Màmá, ẹ má dá mi lóhùn.”

“Látìgbà tí baba baba mi ti dé ìdí àpáta yẹn, a ò gbọ́ pé omi rẹ̀ gbẹ rí. Iye tí mo pè ò sì tíì wọ́n sí i. Igba iṣu náà ni.”

Ọkùnrin náà wò ó, ó wo kànga, ó bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó mú lọ́yà wá. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé kọ́ńpìnnì á máa mú igba iṣu tí wọ́n gbìn sórí ilẹ̀ náà wá lọ́dọọdún. Pé ọmọ ìlú kò ní í wọ gbọ̀ngàn tẹ́tẹ́. Àti pé ibi tí wọn ò bá kọ́lé sí láàárín ọdún mẹ́ta á padà sọ́wọ́ ẹbí. Àwáwù ní kí wọ́n ka èyí tó kẹ́yìn yẹn fún òun lẹ́ẹ̀mejì kó tó tẹ̀ka.

N kò ní í parọ́ fún yín. Yàrá igba di ọgọ́ta, nítorí owó orílẹ̀-èdè ti ń gbẹ nígbà náà. Irinwó òṣìṣẹ́ di àádọ́rùn-ún. Tábìlì tẹ́tẹ́ kò ju mẹ́fà lọ, nígbà tí sójà sì gba ìjọba, ọ̀sẹ̀ mìíràn á wà tí kò ní í sẹ́ni kankan nídìí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ṣùgbọ́n ọ̀dà dé ojú ọ̀nà lóòótọ́, iná dé, ilé ìdáná òtẹ́ẹ̀lì kò sì tíì ti ilẹ̀kùn lọ́jọ́ kan, nítorí bí àwọn atatẹ́tẹ́ ò bá wá, àwọn oníṣòwò tó ń lọ sí ẹnubodè á wá sùn. Ọgbọ̀n iṣu ni wọ́n ń gún lójúmọ́, wọ́n ń ra ẹyin, wọ́n ń ra ẹran awó àti ata. Lọ́rì tó ń bá òtẹ́ẹ̀lì gbé ẹrù wá kì í fẹ́ padà lófo, ló bá di pé wọ́n ń wá ra iṣu lóko àgbẹ̀ ní iye tí wọ́n ń rà á ní Ṣakí. Fàtímọ̀ ni olórí àwọn tó ń fọ aṣọ ibùsùn. Ó ti ń kí Àwáwù báyìí, ó tilẹ̀ ń kúnlẹ̀ jù.

Ọmọ Fàtímọ̀ padà dé. Ọmọ Ìyápọ̀ náà dé. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Àwáwù ti ní kí wọ́n bá òun kọ lẹ́tà sí Gbádébọ̀, kò sí èsì. Ó ń bá àwọn ìyá wọn jó, ó ń bá wọn yọ̀, inú rẹ̀ sì ń bàjẹ́. Ó ti bá Ọlágòkè sọ̀rọ̀, ó ti gba ipò kan sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ nílé ìdáná, ọdún kan gbáko ni Ọlágòkè sì fi bá a tọ́jú ipò náà.

Lóṣù kẹwàá ọdún 1985, bí òjò ṣe ń kásẹ̀ nílẹ̀, ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ lójú ọ̀nà ọlọ́dà náà, tòun ti ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta. Ó ti sanra, irun rẹ̀ ti ń funfun létí. Àwáwù mọ ìrìn rẹ̀ kó tó mọ ojú rẹ̀. Ó ké, gbogbo agbo ilé sì ké tẹ̀ lé e.

Nígbà tí wọ́n jẹun tán, Àwáwù sọ ohun tó ti ń pa mọ́ fún un. “Iṣẹ́ ti wà fún ọ, Gbádébọ̀. Ọjọ́ Ajé ni wàá bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á fún ọ ní aṣọ funfun.”

Gbádébọ̀ dọ̀bálẹ̀, kò sì tètè dìde.

“Ìyá mi, ẹ ṣeun. Àwo ni mo fi ọdún mọ́kànlá fọ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì l'Ábíjàn. Ojú tì mí láti kọ ọ́ sí yín, torí ẹ ti rò pé ọ̀gá ni mí níbẹ̀. Mo ti fọ àwo tó. Àwọn tó ń bọ̀ láti ilé ló sọ fún mi pé ọkọ̀ ti ń wọ oko báyìí, pé iṣu kì í jẹrà mọ́, pé òtẹ́ẹ̀lì ń ra gbogbo ohun tí àgbẹ̀ bá kó dé. Oko ni mo fẹ́ wá dá. Ohun kan ṣoṣo tí kò jẹ́ kí n tètè wá ni pé lẹ́tà yín ò dárúkọ ilẹ̀, mo sì rò pé kọ́ńpìnnì á ti ra ilẹ̀ wa tán. Ṣé ó ku díẹ̀?”

Obìnrin tó bi kọ́ńpìnnì Èkó léèrè títí wọ́n fi rẹ́rìn-ín, ọmọ rẹ̀ ló wá bi òun náà léèrè. Ó dìde, ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ bí ìgbà tó wà ní kékeré. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ òtẹ́ẹ̀lì kọjá, níbi tí àwọn obìnrin ti ń sá aṣọ ibùsùn, wọ́n dé ibi tí igi emi àkọ́kọ́ wà, ibi tí ọgbà kọ́ńpìnnì parí sí.

“Láti ibí,” ni Àwáwù wí, omijé sì ti bò ó lójú. “Láti ibí lọ, títí dé odò. Ọdún mẹ́ta pé, wọn ò kọ́lé síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ni ín bí kò ṣe àwa.”

Gbádébọ̀ bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀, ó wọ inú pápá lọ láti wo ibi tí ilẹ̀ náà dé. Àwáwù jókòó sábẹ́ igi emi, ó ń dúró dè é. Ó pẹ́ kó tó padà, nítorí ilẹ̀ náà jìnnà, dídúró náà sì dùn mọ́ ọn.