Omi Tí Mo Bù Sínú Bátìrì Ọkọ Mi

Ọkọ mi ní alùpùpù, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ló fi ń rìn lọ síbi iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ọkàn mi fúyẹ́. Akọ̀wé ni nígbà náà ní ọ́fíìsì kan ní Abẹ́òkúta, aláró ni èmi, Ìtòkú la ń gbé, pálọ̀ wa sì ni alùpùpù ń gbé. Ibi tó yẹ kí àlejò jókòó sí ló dúró sí, àdìrẹ mi tó dára jù lọ ló sì fi bora. Bí àlejò bá dé, á jókòó sórí àpótí, á máa wo alùpùpù lójú.

"Eruku á bà á jẹ́," lọkọ mi máa ń wí. Bí òjò bá rọ̀, ẹrọ̀fọ̀ ni. Bí oòrùn bá ràn, ọ̀dà ara rẹ̀ á ṣí. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé ojú ọjọ́ wo gan-an ni wọ́n ṣe alùpùpù fún. Jígí ẹ̀gbẹ́ alùpùpù ló ń nù ní tirẹ̀.

Ohun tí kò mọ̀ ni pé bátìrì tí a kò lò kì í sinmi, kíkú ló ń kú. Ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta tó bá fẹ́ gùn ún lọ́dún, kò ní dún. Irú tiwa yìí, bí bátìrì rẹ̀ bá ti kú, ẹ lè máa tẹ̀ ẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní jí. Ọkọ mi á wá gbé bátìrì náà mọ́ àyà bí ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá, ó di Láfẹ́nwá, lọ́dọ̀ bàbá kan tó ń ṣáàjì bátìrì. Ìṣojú mi ni bàbá yẹn ti sọ fún un pé: "Ẹ máa gùn ún. Ẹ fi yí ìlú ká lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, á máa gba iná fúnra rẹ̀. Kí ẹ sì máa wo omi inú rẹ̀. Omi bátìrì tí wọ́n ń tà nínú ìgò ni kẹ́ ẹ máa fi kún un. Ẹ má fi omi ẹ̀rọ, ẹ má fi omi kànga, ìdọ̀tí inú wọn ló ń pa á." Ọkọ mi gbá ìmọ̀ràn omi mú, ó fi ti gígùn sílẹ̀ níbẹ̀.

Màmá mi ní Wásinmi ló wá sọ ọ̀rọ̀ náà di ẹ̀sín. Aláró ni àwọn náà, àwọn ni wọ́n kọ́ mi níṣẹ́, ẹnu wọn sì mú bí abẹ. Nígbàkigbà tí a bá wọ mọ́tò dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n á kí ọkọ mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: "Ẹ kú ìtọ́jú ewúrẹ́ o, àna mi. Ṣé ó ń jẹun? Ṣé pálọ̀ náà lẹ ṣì so ó mọ́?" Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín. Ọkọ mi á rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá padà délé, kò ní lè jẹun. Ó dùn mí. Èmi lè fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ọkọ mi ni. Kí àwọn ará ilé wa máa fi í ṣe ẹlẹ́yà, mi ò fẹ́ ẹ. Lọ́dún kan, Màmá là á mọ́lẹ̀ pé ọjọ́ tí alùpùpù náà bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé mi dé ẹnu ọ̀nà àwọn, ọjọ́ náà làwọn á panu mọ́. Ọkọ mi fi ìbínú búra pé ọjọ́ kejì Iléyá, òun á gbé mi dé.

Ó sì múra sí i lóòótọ́. Ó lọ ṣáàjì bátìrì, ó fi gíríìsì pa orí rẹ̀, ó gbé e padà sáyè rẹ̀. Lọ́jọ́ Iléyá, nígbà tí a pín ẹran tán, ó jáde lọ kí àwọn ẹbí rẹ̀. Mo ní kí n bá a wo omi bátìrì. Omi ti lọ sílẹ̀, ìgò tí a ń bù ú nínú rẹ̀ sì ti gbẹ. Ta ló máa ṣí ìsọ̀ lọ́jọ́ Iléyá? Mo jókòó, mo ronú. Wọ́n ní kí a má fi omi ẹ̀rọ, kí a má fi omi kànga, nítorí ìdọ̀tí. Omi wo ló wá mọ́ nínú ilé yìí ju omi eérú mi lọ? Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe aláró, omi eérú la fi ń pa aró. A ó da omi sórí eérú nínú ìkòkò tí a dá ihò sí nídìí, á máa kán tó, tó, tó sínú ìkòkò mìíràn, títí á fi mọ́ gaara. Mo bu èyí tó mọ́ jù lọ níbẹ̀, mo rọra dà á sínú ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà lórí bátìrì.

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Ó ń yọ ìfófòó, ó ń kún àkúnwọ́sílẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run tí kò ta sí mi lójú. Inú mi tiẹ̀ dùn, mo ní agbára ló ń wọ inú rẹ̀ yẹn. Mo dé e padà, mo lọ din ẹran.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ mi ká agbádá mọ́ra, èmi náà ró ìró tuntun. Ó tẹ alùpùpù, kò dún. Ó tẹ̀ ẹ́ títí fìlà fi jábọ́ lórí rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò jáde, wọ́n tì wá láti Ìtòkú, a sì sọ̀ kalẹ̀ títí dé Láfẹ́nwá. Alùpùpù náà sáré dáadáa, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ nìkan ni kò gbọ́ sí i. Bàbá oníbátìrì ti lọ ṣọdún nílé wọn. Ẹlòmíràn ì bá wọ mọ́tò. Ọkọ mi ní, "Mo ti búra. Ó gbọ́dọ̀ dé Wásinmi."

Lọ́rí kan tó máa ń kó sìmẹ́ńtì láti Ewékorò ló ṣàánú wa, Wásinmi sì ni dẹ́rẹ́bà rẹ̀ ń lọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n kó àwa àti alùpùpù sí. Nígbà tí a fi débẹ̀, sìmẹ́ńtì ti kùn wá ní ẹfun, ojú wa nìkan ló dúdú. Màmá àti gbogbo ẹbí ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ń wò wá bí àwọn ọkùnrin ṣe ń sọ alùpùpù kalẹ̀ láti inú lọ́rí.

"Ẹ káàbọ̀, àna mi," Màmá ní. "Ṣé òun ló gbé yín wá ni, àbí ẹ̀yin lẹ gbé e wá?"

Àbúrò Màmá kan rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọkọ mi kò wá àwáwí kankan. Ó dúró pẹ̀lú sìmẹ́ńtì rẹ̀ lára, ó ní, "Òótọ́ lẹ ń sọ, Màmá. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi pa á. Mi ò gùn ún." Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an.

Màmá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n wo ẹ̀gbẹ́ bátìrì níbi tí omi ti ṣàn sí. Wọ́n fọwọ́ kàn án, wọ́n fi ìka méjì ra á, ó ń yọ̀. Wọ́n tún ra á. Ẹni tó ti ń pa aró kí wọ́n tó bí mi, kí la fẹ́ fi pa mọ́ fún un? Wọ́n gbójú sókè, kì í ṣe ọkọ mi ni wọ́n wò.

"Omi eérú ta nìyí?"

Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ látòkè délẹ̀. Ọkọ mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Nígbà tó ń hó, kí lo rò?"

"Mo rò pé ó ń gba agbára ni."

Ó bú sẹ́rìn-ín débi pé sìmẹ́ńtì ń gbọ̀n dànù lára rẹ̀. Màmá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti kọ́ṣẹ́. Wọ́n wọlé lọ bu ẹran tó dára jù lọ, wọ́n fọwọ́ ara wọn gbé e fún ọkọ mi, wọ́n ní, "Ẹ má bínú, àna mi. Ọmọ wa ni."

Lẹ́yìn ọdún Iléyá, bàbá oníbátìrì là á yé wa pé omi eérú ti pa agbára ásíìdì inú bátìrì náà, ọkọ mi sì ra tuntun. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, mo gbọ́ tí alùpùpù ń dún nínú pálọ̀. Mo sáré jáde, mo bi í pé ibo ló ń gbé e lọ.

"Ibi iṣẹ́."

"Ẹ fi sílẹ̀ níbí," mo ní, "èmi á máa bá yín tọ́jú rẹ̀."

"Ìyẹn gan-an ló fà á," ó ní, ó sì tì í jáde. Lójoojúmọ́ ló ń gùn ún láti ọjọ́ náà, bátìrì rẹ̀ kò sì kú mọ́.